Òrí Ẹsẹ̀ Ìyá Ìdèrè

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé ẹ̀rọ kan kiri Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Tápà, lẹ́yìn ọ̀kadà tí fóòmù ìjókòó rẹ̀ ti tán. Iṣẹ́ àwa nọ́ọ̀sì ni láti mọ bí iṣan ṣe ṣẹ́kù tó lára àwọn àgbàlagbà, ẹran líle tí èèyàn fi ń dìde, tó fi ń gbẹ́rù. Àgbà á bọ́ bàtà, á gun ẹ̀rọ náà, á di irin rẹ̀ mú. Iná mànàmáná díẹ̀, tí ara kò tilẹ̀ mọ̀, á sì gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Omi pọ̀ nínú iṣan, iná ń tètè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rá ló ń dí i lọ́nà. Mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dá iná sáyé. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n á gbọ́ ọ tán.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ni pé ìyá àgbà kan kì í lọ bá àlejò pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó funfun. Òrí ni wọ́n á fi pa á kó máa dán, iná kì í sì í gba inú òrí kọjá. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ tí mò ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ àgbà. Ó rẹ̀ mí dé ọkàn.

Ní Ìdèrè, opó kan tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ro wá, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn. Wọ́n ti ṣàdéhùn: bí ẹ̀rọ bá ní iṣan rẹ̀ ṣì pọ̀, kó máa bá oko rẹ̀ lọ; bí kò bá pọ̀ mọ́, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ.

“Màmá, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu,” ni ọmọ wí.

“Òkété tó bá dàgbà ni,” ni ìyá dá a lóhùn.

Òrí tirẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀.

“Nọ́ọ̀sì, jẹ́ kó kù díẹ̀,” ló wí, “kí ẹ̀rọ yìí má baà rò pé arúgbó ni mí.”

Ẹ̀rọ ní iṣan kò pọ̀ mọ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń sọ agbára, pé ìyá rẹ̀ dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, pé oko yẹn ló ń gbé e ró. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára nọ́ńbà. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, n kò sì lè bá a jà. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ro koríko ìdí ẹ̀gẹ́ tán. Ọmọ kò gbà.

Nígbà tí wọ́n mú un wálé fún ọdún Iléyá, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ní Ìbàdàn, wọn kì í jẹ́ kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Orí àga ni láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn mà sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹsẹ̀ tó fi rìn wá bá ẹ̀rọ kò nílò ọ̀pá. Ìjókòó ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Ìyá na ẹsẹ̀ síwájú mi. “Gbé ẹ̀rọ rẹ wá kó tún wọ̀n mí. O ò ní í fọ ẹsẹ̀ lónìí.” Ẹsẹ̀ náà gbẹ, ó funfun, kò sí òrí kankan níbẹ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ìyá tó bí mi ṣì ń lọ sóko ní Tápà, orúnkún ń dùn ún, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè mí pé ká wá mú un kúrò níbẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń dán, kí n tó dá wọn lóhùn.