Alángbá Pupa Tí A Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Àwọ̀ pupa tó mú ọkùnrin kan wa mọ́tò láti Lẹ́kí wá sí Ẹ̀pẹ́ bó sórí òwú tútù, lójú àwa mẹ́rin. Dọ́kítà ẹranko gbé òwú náà sókè sí ojú fèrèsé, ó gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wo ojú ìyá mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà òjò tó kọjá. Àwa mẹ́rin náà ni dọ́kítà, ará Lẹ́kí, ìyá mi àti èmi. Ẹni tọ́rọ̀ kàn jù lọ dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó di ojú kan, ó la ìkejì.

Alángbá onírùngbọ̀n ni. Kì í ṣe irú èyí tó ń mi orí lára ògiri wa. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ìran tirẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Tí inú bá bí i, á wú ọ̀fun, ọ̀fun náà á sì dúdú bí irùngbọ̀n. Ọmọ mi obìnrin ló rà á. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí òkè ọya láti lọ ṣe agùnbánirọ̀, ó fi í sílẹ̀ fún wa nílé wa ní Itamaga, pẹ̀lú ilé onígíláàsì àti gílóòbù tó ń mú un móoru. Iná ìjọba kì í dúró tó fún gílóòbù náà. Ìyá mi, tó ti Ẹ̀pẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ikú bàbá mi, ló wá ń gbé e lọ sí ibi tí oòrùn wà lẹ́yìnkùlé. Á jókòó tì í, á máa ro ẹjọ́ gbogbo ilé fún un.

Ọwọ́ ìyá mi ló ti ń jẹun: ewé tẹ̀tẹ̀, ìrẹ̀, àti èsúnsún nígbà tí òjò bá dá. Kò pẹ́ tó fi gùn ju apá mi lọ, láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Obìnrin tó ń gbé òkè ilé wa, ará Ọ̀ṣun, sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn pé, "Bàbá, ní abúlé tiwa, èyí tí Màmá ń tọ́ yìí ì bá ti wọ ìkòkò."

Ọmọ mi ní kí n ya fọ́tò rẹ̀. Ó fi í sórí Wásáàpù àwọn tó ń sin irú ẹranko yìí. Àwọn yẹn máa ń pín wọn sí ẹ̀yà bí a ṣe ń pín ajá: ẹ̀yà tí awọ rẹ̀ ń dán, ẹ̀yà tí èékánná rẹ̀ funfun, ẹ̀yà pupa, àti ẹ̀yà ńlá tí wọ́n ní ó ti Jámánì wá. Wọ́n jiyàn títí. Ará Lẹ́kí, ọ̀kan nínú wọn, ló parí ẹ̀: "Pupa ni, ńlá sì ni. Kò sí àní-àní. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì rí i." Òun àti ọmọ mi wá ṣàdéhùn. Bí dọ́kítà bá ní ẹ̀yà pupa ni, ará Lẹ́kí yóò mú un lọ fi bímọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ màmá.

Ohun tí èmi sọ fún ìyá mi kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní dọ́kítà fẹ́ wò ó, ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá yóò máa gbé lọ́dọ̀ wa.

Ó bi mí pé, "Ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́?"

Mo ní kò tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ẹ̀pẹ́ la fàbọ̀ sí, nítorí ọ̀nà Itoikin gbé wa débẹ̀ tààrà, ará Lẹ́kí náà á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ bá wa. Ìyá mi tún fọwọ́ sí i: "Ọmọ ìlú mi ni dọ́kítà yẹn. Kò ní rẹ́ mi jẹ." Lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró de dọ́kítà, obìnrin kan tó mú ewúrẹ́ wá bi í pé èló ló fẹ́ ta agílíńtí yẹn. Ìyá mi ní, "Èló lo fẹ́ ta ọmọ tìrẹ?"

Dọ́kítà wo èékánná rẹ̀: dúdú. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ẹ̀yà méjì kúrò níbẹ̀. Ó tẹ ikùn rẹ̀.

"Jámánì ni, àbí?" ni ará Lẹ́kí wí.

"Ọ̀rá ni apá kan. Apá kejì lè jẹ́ Jámánì. Mi ò bá ìyá rẹ̀ pàdé."

Ìgbà yẹn ló rẹ òwú sínú omi, ó fi nu ẹ̀yìn rẹ̀, pupa náà sì bó.

"Màmá, kí lẹ fi pa á lára?"

"Osùn àti òrí."

"Osùn?"

"Osùn tí wọ́n fi pa ìwọ náà nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Ara rẹ̀ ń bó. Ṣé kí n máa wò ó níran ni? Àárọ̀ yìí gan-an, mo fi kún un, kí o má baà sọ pé a ò tọ́jú rẹ̀."

Kí oòrùn tó yọ ni mo máa ń jáde nílé. Ẹ̀yìn tí mo bá ti lọ ni ìyá mi máa ń wẹ̀ ẹ́, n kò sì mọ̀ nípa osùn náà.

Ará Lẹ́kí fa ọrùn sẹ́yìn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí pupa yẹn." Ọmọ mi ti fi ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mi ò kà á fún un.

Ìyá mi wo wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé nítorí pé ó pupa lẹ ṣe fẹ́ gbé e lọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"O ò sì sọ fún mi. Ẹfun ni ǹ bá fi kùn ún."

Dọ́kítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún gbogbo wa pé bíbó ara kì í ṣe àìsàn. Bí ó ṣe ń dàgbà nìyẹn. Bí awọ àtijọ́ bá ṣì wà lára rẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ lásán. Ó sì lè pupa lóòótọ́.

Ará Lẹ́kí ní kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ òun, kí òun máa wò ó níbẹ̀. Dọ́kítà kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣí i nípò báyìí, kò ní jẹun.

Ohun tó pa láṣẹ nìyí. Itamaga ni yóò padà sí. Kò sí osùn mọ́, kò sí òrí; omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ nìkan. Kí a dín èsúnsún kù. Ìrù ló máa ń bó gbẹ̀yìn. Tí ìrù bá bó tán, kí a gbé e padà wá, òun yóò wò ó nínú oòrùn níta, kí ará Lẹ́kí náà wá tó bá fẹ́. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Tó bá pupa, ó ní àdéhùn ọmọ mi ṣì dúró, òun kò sì lè bá màmá yí i padà.