Wò Mí Lẹ́nu

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ kì í wo ènìyàn lẹ́nu bí onítọ̀hún bá ń jẹun. Bí àlejò bá ti jókòó ti oúnjẹ, ojú ni ìyá mi fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wa á dìde, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà kan wà tí mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, tí mo dúró ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mò ń wo ẹran tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n já díẹ̀ fún mi, mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá mi pè mí.

“Ṣé ebi ni mo fi ń pa ẹ́ nílé yìí?”

Wọn ò nà mí o. Ì bá sàn ká ní wọ́n nà mí, nítorí wọ̀bìà ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ìgbà náà, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn fúnra wọn.

Nígbà tí èmi náà bímọ ní Clondalkin nílẹ̀ òyìnbó, mi ò dúró kó dàgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ilé. Gbàrà tó ti ń fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ mi láti inú àwo dé ẹnu ni mo ti ń yí àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé bí a bá fẹ́ jẹun. Ọkọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Madam, ọmọ tí ò tíì hu eyín lo ń kọ́ ní home training?”

Mo ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí a bá ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, ọmọ àwọn ẹlòmíì á máa nawọ́ sí àwo oníàwo kiri. Tèmi á kọ ẹ̀yìn sí wa, á máa wo ògiri. Inú mi a máa dùn.

Nígbà tó wá tó àsìkò tó yẹ kó máa jẹun lé ọyàn lórí, ogun bẹ́ sílẹ̀. Mo ro ògì, ó pa ẹnu dé. Mo se kárọ́ọ̀tì, mo lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi ahọ́n tì í jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin, ẹja, bákan náà ni. Bí ṣíbí bá ti ń bọ̀, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa wá àyà mi. Fídà pàápàá, jíjù ló ń jù ú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìsinmi ìbímọ mi ti ń tán lọ. Wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sì máa bá mi tọ́jú rẹ̀ lójúmọmọ. Ọyàn mi ò ṣáà lè dúró sílé kí èmi máa lọ síbi iṣẹ́. Bí kò bá jẹun, ebi ló máa pa á mọ́ arábìnrin náà lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò gbé e lé ìwọ̀n, ó ní kò tẹ̀wọ̀n bó ṣe yẹ. Ó bi mí bóyá a jọ máa ń jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí inú yàrá kan náà ni gbogbo wa máa ń wà! Inú bí mi, mo gbé ọmọ mi sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo jáde.

Inú Luas, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí a wọ̀ padà sílé, ni ojú ti gbà mí tì. Ìyá àgbà kan, òyìnbó, jókòó kọjú sí wa. Ó tú ọ̀dùnkún díndín tó rà, òórùn fínígà sì gba inú ọkọ̀ kan. Èrò kún, kò sí bí mo ṣe lè yí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ọmọ mi tẹjú mọ́ obìnrin náà. Bí ìyá yẹn bá la ẹnu, òun náà á la ẹnu. Mo fi ọwọ́ yí orí rẹ̀, ó yí i padà. Mo tún yí i. Ló bá na ọwọ́ méjèèjì, ó fi igbe ta.

“Ah, God love him,” ni ìyá náà wí. “He's starving.”

Mo ní rárá o, ó ti jẹun. Irọ́ gbuu. Kí n tó sọ ọ́ tán, ìyá náà ti ya ẹyọ kan sí méjì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ìka fa inú rẹ̀ tó rọ̀ jáde.

“A small bit, love. He'll be grand.”

Ọmọ tó ń ti ẹnu pa mọ́ mi la ẹnu gbàgà, títí mo fi rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tún na ọwọ́. Ògì tí mo rò fún un láàárọ̀ ṣì wà nínú àpò mi, ó ń gbóná nínú fúláàsì. Obìnrin ará wa kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, Yorùbá ló ń sọ lórí fóònù láti ìgbà tó ti wọlé. Ó wò wá, ó sì yára gbé ojú kúrò, bí àwọn tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń ṣe. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn bá lanu, mà á bọ́ sínú ẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé ibi tó yẹ ká ti sọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù nínú òjò.

Nígbà tí a délé, ebi ń pa èmi gan-an. Mo gbé e sórí àga rẹ̀, mo bu ògì yẹn sínú abọ́, ìbínú ò sì jẹ́ kí n rántí yí àga náà. Mo gbé ṣíbí. Ọmọ mi wo ṣíbí, ó wò mí, ó sì yí orí kúrò fúnra rẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń dúró kí n jẹun tán.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. Ìtìjú inú Luas, nítorí ojú ayé ni. Èyí ò ní ẹlẹ́rìí kankan, òun ló sì dùn mí jù. Ọmọ tí ò tíì lè pe mí ní màmá ti mọ̀ pé oúnjẹ ilé yìí kì í ṣe ohun tí òun gbọ́dọ̀ wò. Èmi ni mo kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

“Wò mí lẹ́nu,” ni mo wí.

Kò wò mí. Mo fa àga rẹ̀ títí orúnkún mi fi kàn án. Mo bu ògì sẹ́nu, mo ń jẹ ẹ́ tariwotariwo bí ẹni tí ò ní ẹ̀kọ́ ilé.

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Wò mí lẹ́nu.”

Ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀. Mo na ṣíbí sí i, mo rí i tí ètè rẹ̀ fẹ́ là. Ṣùgbọ́n kó tó là á, ojú mi ló kọ́kọ́ wò, bí èmi náà ṣe máa ń wo ojú ìyá mi, láti mọ̀ bóyá mo máa ṣẹ́jú. Mo la ojú mi sílẹ̀. Omi ń bọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ṣẹ́jú títí ó fi gbé e mì.