Eégbọn Ló Jẹ Mí ní Minna, Kì í Ṣe Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́ èjìká ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá mi ti jí ṣáájú mi. Ó gbàdúrà fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọ̀rá gààrí kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Àkànbí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ó ti lé lógún ọdún tí ó ti ń ránṣọ ní Minna, òun ló sì pè mí pé kí n wá bá àwọn ọdẹ ibẹ̀ ṣe ọdẹ ọ̀sán. Mo fi ìbọn sílé, nítorí kò sí awakọ̀ tó fẹ́ kí ìbọn kó òun sí wàhálà lójú ọ̀nà. Wọ́n á yá mi ní ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ní Ìlọrin ni mo ti wọ mọ́tò Minna, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Ọ̀nà dára díẹ̀ títí a fi ré kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà. Láti Mọ́kwá sí Bídà, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Awakọ̀ wa, ọmọ Nupe kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, wò mí nínú dígí, ó ní, “Bàbá, ẹ di ikùn yín mú, kí oúnjẹ àárọ̀ má baà dé Minna ṣáájú yín.”

Ìrọ̀lẹ́ la dé. Bí mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Keteren Gwari, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin Hausa kan tó ń kọjá sáré wá, ó ń sọ pé, “Sannu! Sannu!” Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń kí èèyàn, òun náà ni wọ́n sì fi ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó bá ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Kò ṣubú, Hajiya. Èmi ló ń kí.” Obìnrin náà wò wá títí kó tó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọjà Kure, ẹ̀gbọ́n mi ra máásà fún mi, ìyẹn ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n dín nínú àwo oníhò. Ó rí bí ẹ̀kọ tó wọ aṣọ àkàrà. Mo jẹ mẹ́jọ.

Bàbá Làmídì, ọmọ Ìlọrin, ni olórí àwọn ọdẹ tí mo bá lọ. Wọn kì í wọ inú igbó jìn mọ́ nítorí àwọn ajínigbé. Ẹ̀bá oko la wà. Ọlọ́run fún mi ní ẹtu kan, mo gbé e kọ́rùn gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nílé, mo sì rìn ju wákàtí kan lọ. Ẹran tó bá kú, ara rẹ̀ a máa tutù. Eégbọn kò fẹ́ ara tútù. Kí a tó dé ìdí ọ̀kadà, wọ́n ti ń rìn lọ́rùn mi, wọ́n ti wọnú ẹ̀wù.

Bàbá Làmídì ń fi èékánná pa tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Mo ní, “Bàbá, eégbọn yìí mà pọ̀ o.”

Ó ní, “Ọdẹ wo ló ń ka eégbọn? Obìnrin ló ń ka iná orí.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí nílé wa. Ọdẹ tí ẹkùn bá ya lára, a ó máa kì í. Ọdẹ tí eégbọn bá jẹ, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde. Mo pa ẹnu mọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ọjọ́ kẹjọ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ara mi gbóná, ọrùn mi dúró gan-an, gbogbo oríkèé ń ro mí. Ẹ̀gbọ́n mi ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, mo lò ó tán, ara kò rọ̀. Bàbá Làmídì wá kí mi. Ó jókòó, ó wò mí, ó ní, “Ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà, ilé ló ti wá. Ta ló pè ọ́ wá sí Minna ná?”

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi tó bù fún mi. Ó gbé omi náà kalẹ̀, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí Minna. Bàbá Làmídì ní ojúlùmọ̀ láàárín àwọn ọdẹ ilé wa, fóònù sì wà. Lọ́jọ́ kejì, Màmá kò gbé ìpè Àkànbí mọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kàkà kó pè é lẹ́ẹ̀keje, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó ní, “Ìṣọ̀lá, bí o bá kú nílé mi, n kò lè wọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ láé. Dìde, jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

Kẹ̀kẹ́ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Shango. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin Ìlọrin tí wọ́n bí sí Minna. Hausa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ó bi mí léèrè ibi tí mo ti wá àti iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo ní mo jẹ́ káfíńtà, mo sì ń ṣọdẹ. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù. Ó gbé apá mi sókè, ó wo abẹ́ abíyá, ó wá bèèrè pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀gbọ́n jẹ yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. “Wọ́n ti sọ fún ìwọ náà?”

“Mo kàn ń bèèrè ni, sà. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ wọ́n, mo ti rí ojú ibẹ̀.”

“Ìṣọ̀lá, wọ ẹ̀wù rẹ. A ti ń lọ.”

Ọwọ́ mi kan ti wọ apá ẹ̀wù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èmi náà wo ojú Àkànbí lẹ́ẹ̀kan, ìwòkuwò. Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì mí, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun náà.

Ọmọ náà ń lọ́ ọwọ́ pọ̀. “Haba, Alhaji, mi ò bú yín. Kaska. Kaska nake nufi.” Ó fi ìka méjì ṣe kòkòrò kékeré, ó ń rìn ín lórí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi padà jókòó. Ó bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni. “Eégbọn,” ó ní. “Eégbọn ló ń wí. Kaska ni Hausa ń pè é. Ọmọ yìí, o fẹ́ tú ilé wa.”

Ojú egbò náà dúdú bí ibi tí sìgá jó, kò sì dùn mí rárá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Dókítà ní eégbọn máa ń gbé ibà tirẹ̀ wá, oògùn ibà ẹ̀fọn kò sì ràn án. Ó fún mi ní kápúsù tí wọ́n ń pè ní dọkisisáíkìlín, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi púpọ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ kété tí mo bá lò ó tán. Kò yẹ aboyún, nítorí náà ẹ má rà á fúnra yín láìrí dókítà. Lọ́jọ́ kẹta, ara mi tutù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún ọmọ náà ní ojú, bí kò tilẹ̀ fún un ní ohùn Yorùbá.

Kí n tó kúrò, mo lọ sí Kure, mo ra ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú. Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín: “Na madam ne?” Ó ń bèèrè bóyá ti ìyàwó mi ni. Mo ní, “A’a, na maharbi ne.” Rárá o, ti ọdẹ ni.

Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Ó kù díẹ̀ kí n wọlé ni mo rí àwọn ọdẹ mẹ́rin nínú ọgbà Màmá, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀kan ní, “Ìṣọ̀lá, kú ewu. A ti gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe.”

Mo bọ́ ẹ̀wù níwájú wọn. Mo gbé apá sókè. Mo ní, “Eégbọn ló jẹ mí. Ọdẹ ni mí, eégbọn dá mi dùbúlẹ̀, oògùn ọsibítù ni Ọlọ́run sì fi gbé mi dìde. Ẹ rẹ́rìn-ín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo yọ ẹ̀mú mi, mo fi hàn wọ́n bí a ti ń fi í di eégbọn mú níbi tó ti kan awọ ara, tí a ó fà á sókè gbọọrọ láì lọ́ ọ, láìfi iná jó o, láìda kẹrosíìnì sí i, láìfi èékánná tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ṣòkòtò sínú ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n wo abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún bí wọ́n bá ti igbó dé, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé ọdẹ ni wọ́n. Ẹ̀rín wọn pọ̀ sí i. Wọ́n ń pè mí ní Ọdẹ Eégbọn títí di òní, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi ní àjẹ́.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo egbò náà pẹ́, ó fi àtàǹpàkò kàn án. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ gba fóònù mi. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré, Àkànbí sì gbé e.

“Àkànbí,” Màmá ní, “o ti jẹun?”