Orúkọ Tí A Pè Lórí Omi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Baba Olúwa wa Jésù Kristi, nítorí ẹ̀mí Fẹbúróníà, aya Waníìsì, ará Násílà Bìṣáì ní ìlà-oòrùn odò Náílì. Ọpẹ́ fún ìka rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún láìmọye ìgbà, fún ẹ̀rín rẹ̀ tí a máa ń gbọ́ kí a tó rí i, àti fún ọjọ́ tí Olúwa mú un dúró lórí orúkọ kan ṣoṣo tí Ó fi mọ̀ ọ́n.

Ní Násílà Bìṣáì, a kì í pe abilékọ ní orúkọ rẹ̀. Bí obìnrin bá ti bí ọmọkùnrin, orúkọ ọmọ náà ni a ó máa fi pè é títí a ó fi sin ín. Ọkọ pàápàá kì í dárúkọ aya rẹ̀ níta. "Àwọn ará ilé mi" ni yóò wí, bí ẹni pé ogún ènìyàn ni ó ń gbé inú yàrá náà. Àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún kan náà pẹ̀lú Fẹbúróníà ti di Ìyá Bíṣọ́ì, wọ́n ti di Ìyá Kírólọ́sì, wọ́n ti di Ìyá Mákáríọ́sì. Òun náà, nígbà tí ó kọ́kọ́ wọlé ọkọ, àwọn ènìyàn fi ìrètí pè é ní Ìyá Míkáẹ̀lì, wọ́n sì ń bá a kí Míkáẹ̀lì tí ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì. Nígbà tí ó fi di ọdún keje, Míkáẹ̀lì ti sú wọn. Wọ́n wá ń pè é ní "ìyàwó Waníìsì", àwọn mìíràn a sì kàn wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè bojú wẹ̀yìn.

Iṣẹ́ Waníìsì ni kí ó máa fi ọwọ́ imọ̀ ọ̀pẹ déètì kan àpótí tòmátì àti àga. Fẹbúróníà ní maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, òun sì ni ó ń rán ẹ̀wù ìrìbọmi fún gbogbo ọmọ tuntun inú abúlé: ẹ̀wù funfun, pẹ̀lú ọ̀já pupa tí àlùfáà yóò so mọ́ ọmọ láyà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ maṣíìnì ni ẹnu rẹ̀ ń pe orúkọ ọmọ náà níwájú Ọlọ́run. Hánà rán ẹ̀wù kékeré fún Sámúẹ́lì kan lọ́dọọdún. Sámúẹ́lì ti Fẹbúróníà kò lóǹkà. Síbẹ̀, kì í rí èyíkéyìí nínú wọn kí ó tó rán ẹ̀wù wọn, nítorí àṣà ilẹ̀ náà wí pé obìnrin tí kò bímọ kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìyá ọmọ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, kí omi ọyàn má baà gbẹ. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí, a sì fi ohùn rara kí ìyá ọmọ láti ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò yóò fi dá a lóhùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Waníìsì, fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sinmi.

"Àwọn òkúta ọba àtijọ́ wà nínú aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún," ni ó sọ fún un bí wọ́n ti ń to ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ti pò sínú oòrùn kí ó lè wú. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á gbé wa débẹ̀. O kàn máa fò wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀meje ni, oyún á sì dé. Ìyá Bíṣọ́ì fò wọ́n."

"Màmá, Ìyá Bíṣọ́ì ti lóyún oṣù méjì kó tó fò wọ́n."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyá Bíṣọ́ì fúnra ẹ̀ ni."

"Obìnrin yẹn ò lè pa nǹkan kan mọ́." Ìyá Waníìsì ti búrẹ́dì kan sí apá ibi tí oòrùn ti mú jù. "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni?"

"Ẹsẹ̀ ò dùn mí, Màmá. Àwọn ọba yẹn, tí wọ́n bá ní ẹ̀mí tí wọ́n lè fún èèyàn, ṣé wọn ò ní kọ́kọ́ fún ara wọn ni?"

Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún náà ni Ráwíyà, aládùúgbò wọn, bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ọmọbìnrin mẹ́ta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Fẹbúróníà ti rán ẹ̀wù ọmọ náà, ó ti ká a, ó ti fi ọ̀já pupa lé e lórí. Ṣùgbọ́n Ìyá Sábírì, ìyá ọkọ Ráwíyà, obìnrin tí gbogbo abúlé máa ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ránṣẹ́ pé kí ìyàwó Waníìsì má ṣe dààmú ara rẹ̀. Ìlú ni àwọn yóò ti ra ẹ̀wù. Ọmọkùnrin tí a ti retí tó báyìí, kò yẹ kí ọwọ́ tí kò gbé ọmọ rí kan aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ààrò tí àwọn obìnrin abúlé ti ń yan búrẹ́dì kí ó tó dé ilé Waníìsì. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ kan wá gba aṣọ funfun tí ó ti kó fún Fẹbúróníà padà. Ní ọjọ́ kẹta, òmíràn wá. Wọn kò sọ̀rọ̀ búburú. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Maṣíìnì náà dákẹ́. Fẹbúróníà mọ̀ pé bí ẹ̀rù yìí bá fìdí múlẹ̀, kò ní sí ọmọ tí wọn yóò gbà kí ó ránṣọ fún mọ́, àti pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi lé e lọ́wọ́ yóò bọ́.

"Ṣó o rí i?" ni Ìyá Waníìsì wí, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. "Òkúta lásán ni. Fò wọ́n, kí gbogbo wọn panu mọ́. Ọlọ́run mọ ọkàn ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ti ń ro ọjọ́ tí àwọn yóò lọ, ó ti yá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì gun òkè àjà ilé Abúnà Bákúmù lọ, àlùfáà àgbà tí ó máa ń bọ́ àwọn ẹyẹlé rẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sílẹ̀.

"Èmi ni mo rì ẹ́ bọmi," ni Abúnà wí. "O fẹsẹ̀ gbá mi nímú."

"Ẹ jọ̀ọ́, Abúnà."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Kí ni mo sọ lórí omi lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀yin lẹ lè mọ̀ ọ́n. Ẹkún lèmi ń sun."

"Mo ní: Fẹbúróníà, mo rì ọ́ bọmi ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ṣé o gbọ́ 'ìyá' kankan níbẹ̀? Mi ò sọ ìyá ta lo máa jẹ́. Ọlọ́run ti gbà ẹ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá wàá bímọ." Ó gbọn ọkà ọwọ́ rẹ̀ dànù fún àwọn ẹyẹlé, ó sì ka ọ̀rọ̀ wòlíì Àìsáyà láìwo ìwé, níbi tí Olúwa ti ṣe ìlérí fún àwọn tí kò ní ọmọ pé nínú ilé Òun ni Òun yóò ti fún wọn ní orúkọ tí ó dára ju ti ọmọkùnrin àti ti ọmọbìnrin lọ, orúkọ tí a kì yóò ké kúrò. "Inú ilé Rẹ̀ ló ní. Kò sọ pé nínú òkúta."

Fẹbúróníà sọ̀ kalẹ̀. Ó dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ padà fún ẹni tí ó ni ín, ó sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màmá, mi ò lọ mọ́. Bí wọ́n bá pè mí, màá jẹ́. Bí wọn ò pè mí, wọ́n ti pè mí tẹ́lẹ̀ lórí omi."

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ó fi ẹ̀wù náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìjọsìn.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe níbẹ̀?" ni Waníìsì bi í.

"Ti ọmọ náà ni. Mo ti gbàdúrà sí i lára. Tí wọn ò bá lò ó, màá gbé e padà wálé."

Ẹ̀yìn ni ó jókòó sí láàárín àwọn obìnrin.

A gbé ọmọ náà dé, gbogbo ènìyàn sì rí i nígbà àkọ́kọ́, nítorí Ìyá Sábírì ti fi aṣọ bò ó fún ogójì ọjọ́ gbáko nítorí ojú burúkú. Ọmọ náà sanra bí àpò àlìkámà. Abúnà rì í bọmi lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi òróró mímọ́ yàn án láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì na ọwọ́ fún ẹ̀wù. Ìyá Sábírì tú ẹ̀wù ìlú sílẹ̀: sátíìnì, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní tí ń dán yinrin. Wọ́n gbé e sí ọmọ lórí. Ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ fà á díẹ̀."

"Mo ń fà á."

"Etí ẹ̀ nìyẹn tẹ́ ẹ ń fà."

Ọmọ ń ké, òróró ń yọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ráwíyà bojú wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, báwo lẹ ṣe júwe ẹ̀ fún ọkùnrin tó ń ta aṣọ?"

Ìyá Sábírì fọhùn wẹ́rẹ́. "Ojú ọkùnrin yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò fẹ́ kó ṣe ìlara ọmọ wa. Mo ní ó kéré, pé kò ju adìyẹ lọ."

"Adìyẹ," ni Ìyá Waníìsì wí láti ẹ̀yìn, kò sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Irú adìyẹ yìí, òun ló máa jẹ ológbò."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn obìnrin, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Abúnà, tí òróró dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, gbé ojú sókè.

"Fẹbúróníà dà?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. A kò tíì gbọ́ orúkọ náà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Waníìsì dìde níbi tí ó wà.

"Èmi nìyí, Abúnà," ni Fẹbúróníà wí láti ẹ̀yìn.

Ó mú ẹ̀wù náà wá. Ẹ̀wù náà gba orí ọmọ kọjá, ó gba ikùn rẹ̀, àyè sì tún ṣẹ́kù. Abúnà so ọ̀já pupa mọ́ ọn láyà. Ìyá Sábírì fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù náà wò.

"O ò rí ọmọ yìí rí. Ta ló wọ̀n ọ́n fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, Màmá. Mo máa ń rán an fẹ̀ ni. Ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wa, ẹ jẹ́ kó dàgbà."

Ìyá Sábírì wo ọmọ, ó wo obìnrin náà, ó sì wo ẹ̀wù ìlú tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà sí Fẹbúróníà lápá. "Gbà á. Apá ń ro mí."

Nítorí náà, ọwọ́ tí kò gbé ọmọ rí ni ó gbé ọmọ Ráwíyà yí ilé ìjọsìn ká lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú àbẹ́là àti orin. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn aṣọ funfun méjèèjì ti padà sí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì.

Ọlọ́run kò fún Fẹbúróníà ní ọmọ láti inú rẹ̀ wá. Ó fún un ní ilẹ̀kùn tí a kì í tì. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń pè é ní Tásónì Fẹbúróníà, èyíinì ni arábìnrin mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ga jù ú lọ. Waníìsì pàápàá wí fún àwọn ọkùnrin ní ìdí àga rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Fẹbúróníà ní kí n má pẹ́." Gbogbo wọn wúkọ́ títí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa pè é ní Ìyá Gbogbo Wọn láti yẹ́ ẹ sí, ó ní, "Ẹ fi èyí tí mo ní sílẹ̀ fún mi. Kò tíì gbó."

Kí Olúwa, tí ó pè é lórí omi, máa pè é bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe rẹ̀ lórí maṣíìnì, kí ojú rẹ̀ má ṣe ṣú sí ihò abẹ́rẹ́. Kí ọwọ́ Waníìsì má ṣe gbọ̀n, kí ara Ìyá Waníìsì le nínú ọjọ́ ogbó rẹ̀, kí àlàáfíà sì gbé inú ilé wọn bí ẹyẹlé ti ń gbé inú àjà. Àmín.