Lẹ́búlẹ́bú Pákó Nínú Jíà Ọkọ̀ Mi

Ọmọ ìlú mi ló ta ọkọ̀ náà fún mi, alàgbà ìjọ wa sì ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Mo ti wa ọkọ̀ ìjọba ní Lọ́kọ́ja títí ó fi sú mi, mo wá fẹ́ dá dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ alàgbà yìí. Mo wà á lọ sí ìsàlẹ̀ òkè Pàátì, mo sì wà á padà. Jíà rẹ̀ ń wọlé jẹ́ẹ́, kò ké rárá. Ẹnu yà mí, torí jíà ọkọ̀ ìgbà náà le. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì ká tó bọ́ sí jíà mìíràn. Bí o bá ṣì í, ariwo rẹ̀ á jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé o kò mọ ọkọ̀ wà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tú epo jíà yìí dànù, kí n fi tuntun sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ ni. Má fọwọ́ kàn án títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Ṣé èmi ni màá parọ́ fún ọ?"

Mo gbà á gbọ́, mo sì ra ọkọ̀ náà. Ìyókù ọkọ̀ náà, mo tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Mo máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, màá fa okùn irin kílọ́ọ̀ṣì wò bóyá ó le jù tàbí ó dẹ̀ jù, màá sì fi gírísì pa oríkèé rẹ̀. N kì í gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Jíà nìkan ni mi ò tú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀, mo kó iṣu àti èrò, a kọrí sí Kàbà. Ìyá mi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lọ kí àbúrò mi obìnrin tó bímọ. Bí a ṣe ń gun òkè kan, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ sí jíà kejì. Jíà náà ta padà mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn. Bíréèkì ò lè mú ẹrù yẹn dúró. Kọ̀ńdọ́ mi fò sílẹ̀, ó sọ igi sẹ́yìn táyà, igi yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kí n tó na ọwọ́ mú ìyá mi, ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti fò.

Ìdí ọkọ̀ kọlu ògiri ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Ìyá mi ò lè dìde. Ó ti ṣubú lé apá òsì, eegun ti kán.

Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, tí wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ dé ilé, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì tó dí ihò epo jíà. Ohun tó ń jáde nípọn bí ọ̀gì. Mo fi ìka pa á wò. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni, irú èyí tó máa ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ayùn káfíńtà! Wọ́n ti pò ó mọ́ epo kí eyín jíà tó ti jẹ tán má baà ké sí ẹni tó fẹ́ rà á létí.

Mo bu epo náà sínú agolo, mo la gbàgede Paparanda kọjá, mi ò fọ ọwọ́. Alàgbà jókòó síwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú àlejò, ó wọ agbádá funfun.

"Alàgbà, kí lèyí?"

"Epo ni."

"Epo? Ẹ fọwọ́ kàn án!"

Ó wo ilẹ̀. "Bí mo ṣe rà á náà nìyẹn."

"Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀!"

Ó ní, "Ìyá rẹ ò kúkú kú. Máa dúpẹ́."

Mo da agolo náà sí i láṣọ.

Àwọn àgbà ìlú wa tó wà ní Lọ́kọ́ja pèpàdé. Kò sí ẹni tó béèrè jíà, kò sí ẹni tó béèrè apá ìyá mi. Agbádá ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀. Mo ní n kò ní dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi, tí wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ mọ́ àyà, wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún: "Wọ́n á ní mi ò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí tèmi, ọmọ mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. Alàgbà ní òun ti dárí jì mí. Òun ló dárí jì mí!

Mo wá eyín jíà àti àwo irin kílọ́ọ̀ṣì lára ọkọ̀ kan tó ti kú, mo fi tún tèmi ṣe, mo sì wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apá ìyá mi ò tọ́ mọ́. Kò lè dá gèlè wé títí ó fi kú.

Nígbà tí alàgbà náà kú, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi ọkọ̀ mi kó àwọn èèyàn lọ síbi ìsìnkú nílé. Mo ní ọkọ̀ mi ò lọ. Ó wà níwájú ilé, kò sí ohun tó ṣe é, gbogbo wọn sì ń rí i.