Ẹsẹ̀ Tó Dáa Ló Ń Ṣáájú Gòkè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé gbogbo wa: ìyàwó ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ire ni mo sì fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ó máa ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n ti gbà pé ìyá ọkọ ò níṣẹ́ méjì ju kó máa yínmú sí ìyàwó ilé lọ. Ẹni tó bá wá gbọ́ èébú níbí, kó yáa máa lọ, torí yínyìn ni mo fẹ́ yìn ín, mi ò sì ní fi mọ níwọ̀nba.

Tíṣà làwọn ará ilé wa ń pè é. Èmi ń pè é ní Ìyàwó, bí mo ṣe pè é lọ́jọ́ tí ọmọ mi mú un wálé nìyẹn. Ọmọ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ tó kún fún gírísì rán an níwèé títí ó fi gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ó sì ti pẹ́ níwájú pátákó tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń rí i. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Nítorí náà, èmi àti Ìyàwó la jọ ń wo ojú ara wa ní àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, tí a ń jà lórí ẹni tó gbàgbé láti pa iná ìdáná.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo fi jẹun. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni mo ti ń fọṣọ, tí mo sì ń lọ̀ ọ́, láti ìgbà tí mo ti wà léwe títí ọjọ́ tí egungun ìbàdí mi fi ṣẹ́. Ilẹ̀ yàrá ìfọṣọ tí mo ń rìn lójoojúmọ́ ló yọ̀ mí ṣubú. Omi ọṣẹ kì í mọ ẹni àtijọ́. Wọ́n tò ó nílé ìwòsàn, ó sì jinná, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó máa ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi láìgbé mi kúrò lórí rẹ̀. Á yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́jẹ́, á ká èyí tó dọ̀tí sẹ́yìn mi, á tẹ́ tuntun tẹ̀lé e, á tún yí mi padà, ó parí. Èmi tí mo tóbi tó báyìí. Ìyàwó á jókòó tì mí, á máa wò ó. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú." Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, òun nìkan ti ń ṣe é, Àǹtí Nọ́ọ̀sì á kàn káwọ́ lẹ́yìn, á máa mi orí. Bí a ṣe délé ló sọ fún mi pé, "Màmá, iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn."

Mo ní, "Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ yìí?" Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Inú mi ti ń dùn.

Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan wà ní ìlú ńlá fún àwọn tó ti gba dìgírì tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọdé ń fi ọdún mẹ́rin kọ́, wọ́n á fún un pọ̀ sínú ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n á sì dà á lé ẹ lórí. Kò sí ìsinmi, kò sí àyè àtiṣàìsàn. Àwọn tó ń du ààyè ibẹ̀ ò lóǹkà, wọ́n sì mú ìyàwó mi. Lọ́jọ́ tó gbọ́, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń lọṣọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n mú mi." Mo ṣàdúrà títí ẹnu mi fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù, kò sì sí ẹni tí mo mọ̀ tí mi ò pè, títí kan obìnrin kan tí a jọ wà ní òtẹ́ẹ̀lì tí a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ pè.

Bẹ́ẹ̀ ni ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ara mi sì di ohun èlò ilé ìwé. Bí Ìyàwó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á fọwọ́. Ó ní ọwọ́ pàápàá ní bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, títí dé ọrùn-ọwọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ki ọwọ́ bọ ọṣẹ ló wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́. Á wá fi báńdéèjì dì mí. Bọ̀dá Télọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wa, gòkè wá wọn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá mi lórí àga, orí mi àti apá mi wà nínú aṣọ funfun, ó sì ju téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó ní, "Ẹ má fòyà, Bọ̀dá, ara Màmá le. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni."

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tó bá di ọrùn-ọwọ́ mi mú láti ka bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ọkọ rẹ̀ ti ra aago kékeré kan fún un, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi kọ́ àyà aṣọ. Á fi ìka sí ọrùn-ọwọ́ mi, á tẹjú mọ́ aago, ètè rẹ̀ á máa mì. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń dákẹ́ nínú ilé yìí nìyẹn, ọmọ mi sì máa ń ní kó tún un kà, ó lè jẹ́ pé ó ṣì í kà.

Ohun gbogbo ń lọ déédéé, ó wá ku èmi. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ilé ìwòsàn, mi ò dá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa rí. Ìyàwó á wà níwájú, ọmọ mi á wà lẹ́yìn, èmi á wà láàárín bí ẹrù tó lè fọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jẹun tán, Ìyàwó jókòó tì mí.

"Mo fẹ́ lọ, Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè wà níbẹ̀ kí n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá oníyàá, kí ìyá tèmi há sókè ilé. Bí iná bá sọ ńkọ́? Bí ara yín ò bá yá, tí kò sẹ́nì kankan nílé ńkọ́? Wọ́n ní kí n pe àwọn lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìwọlé, kí n sọ bóyá mò ń bọ̀. Bí ẹ bá ti lè sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ fúnra yín kó tó di ọjọ́ náà, màá lọ. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, màá ní kí wọ́n fún ẹlòmíì láàyè mi."

Inú bí mi. Gbogbo ayé tí mo ti pè, kó wá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ni yóò ba nǹkan jẹ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo obìnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn? Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Egungun ti jinná, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti dúró lórí àtẹ̀gùn, ilẹ̀ yàrá ìfọṣọ ni mo máa ń rí.

Ìyàwó mọ̀. Ó mú mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀, Màmá. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣáájú. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń dùn yín ni kó ṣáájú, kí èyí tó dáa dúró gbé yín." Mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kó yé èèyàn, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbé ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kángun sí ọjọ́ Ẹtì náà, Ìyàwó lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ilé ìwé béèrè. Ọmọ mi wà nílé. Mo pè é, mo ní, "Pọ̀n mí." Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wò mí, ó wo àtẹ̀gùn, ó lóṣòó. Ẹni tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi ló wá gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, tó ń kérora bá a ṣe ń lọ. Bọ̀dá Télọ̀ gbé àga fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí a má da òun pọ̀ mọ́ ọn, ó kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo tún aṣọ mi ṣe, mo gbé ojú sókè, mo jókòó bí ẹni tó ni àdúgbò.

Nígbà tí Ìyàwó yọ, ó dúró sójú kan. Ojú rẹ̀ tàn débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé mo rìn.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ̀ kalẹ̀?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó mú mi lọ́wọ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Àṣé aago àyà rẹ̀ ló ń wò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi mú un.

"Ọkàn yín ń lù jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí," ló wí. Ó wẹ̀yìn, ó wo ọkọ rẹ̀ tó fara ti ògiri, tí òógùn bò, tó ń mí gúlegúle. "Ọkàn ẹni yìí ló yẹ kí n wá kà."

Bọ̀dá Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó gòkè lọ. Nígbà tí wọ́n fi gbé mi dókè, ó ti ṣí àpótí rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kó àwọn aṣọ ibẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Yunifọ́ọ̀mù tí mo fi sítáàṣì lọ̀ fún un, tí mo lọ̀ ju aṣọ àlejò pàtàkì èyíkéyìí lọ, ló fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ara ì bá tù mí. Mo ní, "Ní sùúrù kó di ọjọ́ Ẹtì." Ó ní, "Ó dáa, Màmá," bí wọ́n ṣe ń dá ọmọdé lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́, èmi náà jáde. Mo fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú, mo fi èkejì di ọ̀pá. Mo ní kí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí máa lọ níwájú. Kò fẹ́ lọ. Mo bú u. Mo sọ̀ díẹ̀, mo padà. Lọ́jọ́ kejì mo lọ jìnnà díẹ̀ sí i. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn tó ń kọjá ń sọ pé, "Ẹ rọra o, Màmá," mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbájú mọ́ ẹsẹ̀ tiwọn. Lọ́jọ́bọ̀, mo dé ìdajì, ẹ̀rù bá dè mí mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sílé ìwé. Ohun tó gbé mi dìde ni pé mo rántí bí ojú ọmọ yẹn ṣe tàn nígbà tó rò pé mo rìn. Mo fẹ́ tún rí ojú yẹn, kó sì jẹ́ tòótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn. Mo gbéra nígbà tí mo mọ̀ pé Ìyàwó ti ń bọ̀ wálé. Mi ò ní rò fún yín bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sí orúkọ tí mi ò pe ẹsẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo yọ sí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn, Bọ̀dá Télọ̀ rí mi. Ó dìde, pín-ìn-nì kún ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ sáré wá. Mo wò ó lójú kan, ó padà jókòó. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò gba àga. Mo dúró.

Ìyàwó wọlé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí mi. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá ẹni tó pọ̀n mí. Bọ̀dá Télọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó mi orí. Ìyàwó wá súnmọ́ mi, ó mú ọrùn-ọwọ́ mi, ó tẹjú mọ́ aago àyà rẹ̀.

Ọkàn mi ń lù kìkìkì débi pé mo ń gbọ́ ọ létí. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ ò mì mọ́, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀, omijé sì ti ń já bọ́ sórí aago.

Mo ní, "Ó dáa, Nọ́ọ̀sì. Kí lo rí?"

"Mo rí i pé mò ń lọ, Màmá."

Ibẹ̀ ló ti pè wọ́n, lójú mi, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Orí mi wú. Mo ti lọ aṣọ fún àwọn ẹni ńlá nínú ayé mi, mi ò ríkan tó dúró bí ọmọ yẹn ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ìgbà náà la wá rántí pé ó ku kí n gòkè padà. Ó fẹ́ dì mí nídìí mú bó ṣe máa ń ṣe. Mo yọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó máa wò mí, torí lọ́jọ́ Ajé kò ní sí níbí. Mo fi ẹsẹ̀ tó dáa ṣáájú, ó sì ń tẹ̀ lé mi bọ̀ lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì yẹn.