Fóònù Tó Ń Dún Lójú Onísùúrù Nìkan

Obìnrin tó ń tún fóònù ilé ìwòsàn wa ṣe kì í tètè bínú, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Onísùúrù. Ṣùgbọ́n fóònù tábìlì ẹnu ọ̀nà ti fẹ́ gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sáfà méjì, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè, ló ń bójú tó àwọn fóònù wa. Fóònù kọ̀ọ̀kan a máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ sáfà ilé iwájú, ìyẹn a sì fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí sáfà ilé ẹ̀yìn. Bí orúkọ kò bá dé ẹ̀yìn, ẹni tó bá pè láti ibẹ̀ pè lásán ni.

Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀yìn ń pariwo pé àwọn pe ẹnu ọ̀nà títí, kò dún. Bí Onísùúrù bá sì dé ibẹ̀, yóò máa dún ketekete. Ọ̀gá ti wá búra pé bí fóònù náà bá tún kọ̀ láti dún lónìí, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Àbúrò ìyá Onísùúrù ló ń jókòó sí tábìlì náà; òun ló bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún.

“Àǹtí, ó tún ń dún! Irú wàhálà wo rèé?” ni Onísùúrù wí nígbà tó débẹ̀.

“Má dá wọn lóhùn jàre. Ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì yẹn kì í sinmi.”

Onísùúrù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo wáyà fóònù náà. Ẹnu wáyà náà ti họ yánnayànna.

“Àǹtí, ta ló ń yọ wáyà yìí?”

“Èmi ni. Tí mo bá ti rí ọ ní géètì, màá yọ ọ́, màá tún tì í bọ ihò rẹ̀ padà, á sì ta jí. Ṣé kí n máa wò kí wọ́n lé ọ ni?”

“Háà! Ẹ̀ ń bá aláìsàn bọ́jú kí dókítà tó wọlé! Báwo ni dókítà ṣe fẹ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá? Ẹ gbé ọwọ́ yín lé orí tábìlì, ẹ jọ̀ọ́.”

Wọ́n jókòó wò ó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ pé òun pè, kò dún. Ìgbà yẹn ni Onísùúrù tó rí òótọ́: kí sáfà iwájú tó tún fi orúkọ ránṣẹ́, ti ẹ̀yìn ti gbàgbé rẹ̀; wáyà tí Àǹtí ń yọ tó tún ń tì bọ̀ ló ń mú kí fóònù forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun. Ó tún un ṣe kí sáfà iwájú lè máa rán ti ẹ̀yìn létí kó tó gbàgbé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá lọ sí ilé ẹ̀yìn láti dán an wò. Ọwọ́ Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sídìí wáyà.

“Àǹtí!”

Ó fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tí iná jó. Fóònù dún. Àǹtí gbé e sétí.

“Ọ̀gá, ó dún o! Mi ò fọwọ́ kàn án rárá!”

“Ẹ ò fọwọ́ kan kí ni?” ni ọ̀gá béèrè.

Onísùúrù dojú bo tábìlì.